Ta ni bàbá onírùngbọ̀n funfun yẹn, oúnjẹ ta sì ni mo jẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Birmingham ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ọmọ Síìkì ni, ó pè mí síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ nínú ilé ìjọsìn wọn. Wọ́n ní ká bọ́ bàtà, ká bo orí. Lẹ́yìn náà gbogbo wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fún wa lóúnjẹ, wọn ò gba kọ́bọ̀. Mo rí i tí wọ́n ń foríbalẹ̀ níwájú ìwé ńlá kan, mo sì rí àwòrán bàbá arúgbó kan lára ògiri, onírùngbọ̀n funfun, tó na ọwọ́ sókè. Wọ́n ní òun ló dá ẹ̀sìn náà sílẹ̀. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ní oúnjẹ òrìṣà ni mo jẹ yẹn, pé ńṣe ni ọkùnrin náà fi ẹ̀sìn Híńdù lú Ìsìláàmù. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni bàbá yẹn, kí ló sì fi kọ́ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o kú ìfaradà òtútù. Jẹ́ kí ọkàn rẹ kọ́kọ́ balẹ̀ ná. Oúnjẹ tí o jẹ kì í ṣe oúnjẹ òrìṣà, nítorí kò sí òrìṣà kankan nínú ilé yẹn tí wọ́n lè gbé e síwájú rẹ̀. Mi ò fi òrìṣà ṣẹ̀gàn o. Ilé Ògún ni ilé ìyá tó bí mi lọ́mọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni mò ń sọ. Inú ilé ìdáná ni wọ́n ti sè é, wọ́n gbàdúrà sí i bí ìwọ náà ṣe ń gbàdúrà sí oúnjẹ rẹ, wọ́n sì bù ú fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Bàbá inú àwòrán yẹn gan-an ló kọ́ wọn pé kí wọ́n má bọ ère. Òun náà, wọn ò bọ ọ́. Àwọn ayàwòrán tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló fojú inú yà á bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ bí a ṣe ń gbé fọ́tò bàbá wa àgbà kọ́ sí pálọ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní dúró síbẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ tí o jókòó sí yẹn àti ìkòkò tí wọ́n ti bu oúnjẹ rẹ, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ bàbá náà ti hàn jù lọ. Bí o bá mọ ìdí tí wọn ò fi gbé àga fún ọ, o ti mọ ìdajì ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ.

Nanak lorúkọ rẹ̀. Gúrù tí wọ́n fi síwájú orúkọ náà, olùkọ́ ni. Síìkì, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọdún 1469 ni wọ́n bí i ní abúlé Talwandi, ní ilẹ̀ Punjab. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìlú náà lónìí, Nankana Sahib, kò jìnnà sí Lahore ní Pakísítàn. Nígbà náà, àwọn ọba Mùsùlùmí ìdílé Lodi ló ń jọba láti Delhi. Mùsùlùmí ni Rai Bular tó ni ilẹ̀ abúlé náà. Híńdù ni bàbá Nanak, Mehta Kalu, akọ̀wé tó ń bójú tó ìṣirò owó orí ilẹ̀. Tripta ni ìyá rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Nanaki, tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Òun ni àwọn Síìkì gbà pé ó kọ́kọ́ mọ̀ pé Ọlọ́run ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi àbúrò òun ṣe.

Ohun kan wà tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ọ. Láàárín àwọn Híńdù ilẹ̀ náà, ìran tí wọ́n bí ọ sí ló ń sọ irú iṣẹ́ tí o lè ṣe, ẹni tí o lè fẹ́, àti ní pàtàkì, ẹni tí o lè bá jẹun. Àwọn kan wà tí òjìji wọn lásán ni wọ́n ní ó ń kó àìmọ́ bá ẹlòmíràn. Ìran Khatri ni wọ́n bí Nanak sí, ìran àwọn oníṣòwò àti akọ̀wé, ìran gíga. Òun ì bá jókòó jẹ́jẹ́ sípò rẹ̀ láì bá ẹnikẹ́ni jà.

Wọ́n ní nígbà tó ṣì kéré, wọ́n pe àlùfáà wá kó wá fi okùn mímọ́ kọ́ ọ lọ́rùn, okùn tó ń fi hàn pé ọmọ ìran pàtàkì ni. Àlejò ti pé, oúnjẹ ti délẹ̀. Ọmọ náà ní òun ò ní wọ̀ ọ́. Ohun tó wí wà nínú orin rẹ̀ dòní: fi àánú ṣe òwú, fi ìtẹ́lọ́rùn ran án, fi ìkóra-ẹni-níjàánu ta á ní kókó, fi òtítọ́ lọ́ ọ. Àlùfáà, bí o bá ní irú okùn bẹ́ẹ̀, fi kọ́ mi lọ́rùn. Kì í já, kì í dọ̀tí, iná kì í jó o, kì í sọnù.

Wọ́n tún sọ pé bàbá rẹ̀ fún un ní ogún rúpì kó lọ ra ọjà tí yóò lérè. Lójú ọ̀nà, ó pàdé àwọn ẹni Ọlọ́run kan tí ebi ń pa, ó sì ná gbogbo owó náà lórí oúnjẹ wọn. Nígbà tó padà, ó ní òun ò tíì rí òwò tó lérè tó ìyẹn. Bàbá rẹ̀ gbá a létí. Ilé ìjọsìn kan wà níbẹ̀ títí dòní tí wọ́n ń pè ní Sacha Sauda, Òwò Òtítọ́.

Kí n sọ èyí fún ọ kí n tó tẹ̀ síwájú. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n kọ irú àwọn ìtàn báyìí sílẹ̀, nínú àwọn ìwé tí wọ́n ń pè ní Janamsakhi. Bí mo ṣe ń gbọ́ ìtàn àwọn baba ńlá wa ni mo ṣe ń kà wọ́n: mi ò ní fi wọ́n búra, mi ò sì ní sọ wọ́n nù. Orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ ni mo gbára lé jù. 974 irú orin bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé ńlá tí o rí wọn tí wọ́n ń foríbalẹ̀ níwájú rẹ̀, níbẹ̀ ni wàá sì ti gbọ́ ohùn ọkùnrin náà.

Nígbà tó dàgbà, ó lọ bá Nanaki àti ọkọ rẹ̀ ní Sultanpur, ó sì ríṣẹ́ sí ilé ìpamọ́ ọkà ti gómìnà ibẹ̀, Daulat Khan Lodi. Ó ti fẹ́ Sulakhani nígbà náà, wọ́n sì bí ọmọkùnrin méjì. Wọ́n ní bó bá ń wọn ọkà fún àwọn èèyàn, tó ń kà á, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, tó bá ti dé ẹ̀tàlá, kò ní lè kọjá ibẹ̀ mọ́. Ní èdè wọn, «tera» ni ẹ̀tàlá. «Tera» náà sì ni «tìrẹ». Á máa wọn ọkà lọ, á máa wí pé, «Tera, tera, tera», tìrẹ ni, Olúwa, tìrẹ ni. Wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sun gómìnà pé ó ń fi ọkà ìjọba tọrẹ. Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé ìṣirò wò, ọkà kò dín.

Odò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú náà, Bein. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní nǹkan bí ọdún 1499, ó lọ wẹ̀, ó fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ létí odò, kò sì padà wálé. Wọ́n da àwọ̀n sódò, wọn ò rí òkú. Ìlú ti gbà pé omi ti gbé e lọ. Ọjọ́ kẹta ló jáde. Kò kọ́kọ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, nígbà tó máa la ẹnu, ó ní, «Kò sí Híńdù, kò sí Mùsùlùmí.»

Inú gbólóhùn yìí ni ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ sọ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n ní, áà, ó fẹ́ da ẹ̀sìn méjèèjì pọ̀. Rárá o. Kò ní kí Híńdù di Mùsùlùmí tàbí kí Mùsùlùmí di Híńdù. Ohun tí mo rí nínú orin rẹ̀ ni pé orúkọ tí a ń jẹ́ kọ́ ni Ọlọ́run yóò bi wá. Orin kan wà tó kọ sí àwọn Mùsùlùmí, tó ní kí àánú jẹ́ mọ́ṣáláṣí rẹ, kí ìgbàgbọ́ jẹ́ ẹní ìkírun rẹ, kí owó tí o fi òógùn ṣe jẹ́ Kùránì rẹ. Ó bá àwọn Híńdù náà wí nípa okùn, nípa ère, nípa wíwẹ̀ nínú odò tí ọkàn ò bá mọ́. Ẹni tó ń po nǹkan méjì pọ̀, á bu díẹ̀ níhìn-ín, á bu díẹ̀ lọ́hùn-ún. Òun, ọ̀rọ̀ kan ló mú dání, ó sì ń fi í wọn gbogbo ènìyàn.

Òótọ́ ni pé ó lo ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ó pe Ọlọ́run ní Ram àti Hari, ó pè é ní Allah àti Khuda. Inú ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ló dàgbà sí. Èdè wo ni ì bá tún sọ? Ó gbà bí àwọn Híńdù ṣe gbà pé ẹ̀mí ń lọ, ó ń bọ̀, títí a ó fi rí ìdáǹdè. Ó gbà bí àwọn Mùsùlùmí ṣe gbà pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni, kò sì ní àwòrán. Kò tìtorí èyí gba ìwé ẹ̀sìn èyíkéyìí nínú méjèèjì ní àṣẹ lórí ara rẹ̀. Bí ẹnìkan bá jọ bàbá rẹ̀ ní imú, tó jọ ìyá rẹ̀ ní ojú, a kì í sọ pé àmúlùmálà ni. Ọmọ tuntun la bí.

Lẹ́yìn odò yẹn, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bọ́ sọ́nà. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ń rìn, ẹsẹ̀ ló sì fi rin ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Mardana ló ń tẹ̀ lé e. Mùsùlùmí ni Mardana, ọmọ abúlé kan náà, ìdílé olórin àjogúnbá ni wọ́n bí i sí, bí àwọn ọmọ Àyàn ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa. Rabab ló ń ta, ohun èlò olókùn tó jọ mólò. Nanak á ní, «Mardana, ta rabab, ọ̀rọ̀ ń bọ̀,» orin á sì bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin ìran gíga kan àti olórin Mùsùlùmí ń jẹ nínú àwo kan, wọ́n ń sùn sábẹ́ igi kan, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ó tó wàásù ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, àwọn tó rí wọn ti rí ìwàásù.

Ní Haridwar, létí odò Ganges, ó bá àwọn èèyàn tí wọ́n ń fọ́n omi sókè sápá ìlà-oòrùn fún àwọn baba wọn tó ti kú. Ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n tirẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní oko òun tó wà ní Punjab lòun ń bomi rin. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní bí omi tiyín bá lè dé ọ̀run, kí ló dé tí tèmi ò ní dé Punjab? Wọ́n tún ń sọ ti Mẹ́kà, pé ó sùn, ó kọ ẹsẹ̀ sí Kábà, wọ́n sì fi ìbínú jí i. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé ẹsẹ̀ òun sí ibi tí Ọlọ́run kò sí. Àwọn ará wa Mùsùlùmí tó bá ń ka èyí, ẹ má ṣe bínú. Kì í ṣe Mẹ́kà ni ìtàn yẹn ń bú.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo ìrìn náà ni Saidpur, ìlú tí wọ́n ń pè ní Eminabad lónìí. Ó wọ̀ sílé Lalo, káfíńtà kan tí ìran rẹ̀ rẹlẹ̀. Olówó ìlú náà, Malik Bhago, ṣe àsè ńlá, ó ránṣẹ́ pè é. Kò lọ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fipá mú un. Ìtàn náà sọ pé ó mú búrẹ́dì Lalo lọ́wọ́ kan, ó mú ti Bhago lọ́wọ́ kejì, ó fún wọn pọ̀. Wàrà kán láti inú ti káfíńtà. Ẹ̀jẹ̀ kán láti inú ti olówó. Òógùn àwọn ẹlòmíràn ni olówó náà fi se àsè rẹ̀.

Ìlú yìí kan náà ni ọmọ ogun Babur ya wọ̀ ní ọdún 1521. Babur yìí ló wá dá ìjọba Mughal sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n pa ìlú náà run. Nanak kọ orin nípa rẹ̀, ó sì dárúkọ Lalo nínú rẹ̀, bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀: Lalo, ó ti Kabul wá pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹni kó èrò ìyàwó dání, ó ń fipá gba ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Nínú òmíràn ó wo àwọn obìnrin ìlú náà: orí tí wọ́n ti di irun sí lọ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n kun ìlà àárín rẹ̀ ní pupa, àlùmọ́gàjí ti rẹ́ ẹ, eruku ti dí ọ̀fun wọn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Ọlọ́run. Ìyà tó pọ̀ tó báyìí, tí wọ́n ń ké tó báyìí, ṣé kò dùn Ọ́ ni?

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì tíì lè ka ìlà yẹn sókè kí ohùn mi má yí. Ẹni tó ní kí a gba àṣẹ Ọlọ́run náà ló ń bi Ọlọ́run báyìí. Kò sá fún ìbéèrè náà, kò sì fi Ọlọ́run sílẹ̀. Ó jókòó ti àwọn tó ń sunkún.

Lẹ́yìn èyí ló wá tẹ̀dó. Létí odò Ravi, ó dá ìlú kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Kartarpur, Ìlú Ẹlẹ́dàá. Ó bọ́ aṣọ arìnrìn-àjò, ó wọ aṣọ àgbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Kò gbà pé ó di dandan kí èèyàn sá lọ sínú igbó tàbí kó fi eérú para kó tó rí Ọlọ́run. Ó ti bá àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ jiyàn lórí òkè. Kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n á kọ orin rẹ̀ tó ń jẹ́ Japji, wọ́n á lọ sóko, bó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á tún kọrin. Láàárín méjèèjì, ìkòkò wà lórí iná.

Langar ni wọ́n ń pe ìkòkò yẹn, òun ni o jẹ nínú rẹ̀. Má fi wé sàárà tiwa. Ẹni tó ń ṣe sàárà dúró lókè, ẹni tó ń gbà á na ọwọ́ láti ìsàlẹ̀, kálukú sì mọ ipò rẹ̀. Nínú langar, ẹni tó bu oúnjẹ fún ọ lónìí yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́la, ìwọ ni wàá bu fún un. Ní ilẹ̀ tí òjìji ènìyàn ti lè sọ ẹlòmíràn di aláìmọ́, ó ní kí gbogbo wọn jókòó ní ìlà kan, kí wọ́n jẹ ohun kan náà láti inú ìkòkò kan. Ẹni tó bá kọ̀ láti jókòó ti ẹnìkejì rẹ̀, ebi yóò pa á. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbé àga fún ọ. Ìdí náà nìyẹn tí kò fi sí ẹran nínú rẹ̀: kí ẹlẹ́sìn kankan má bàa rí ohun tó máa fi kọ̀.

Nínú Japji yẹn ni orí gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà. Ohun tí àwọn Síìkì ń kà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ báyìí: Ọ̀kan ṣoṣo ni, Òtítọ́ lorúkọ rẹ̀, Ẹlẹ́dàá ni, kò bẹ̀rù, kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá, àkókò kò lè kan án, a kò bí i, òun fúnra rẹ̀ ló wà, oore-ọ̀fẹ́ olùkọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan wá tó jẹ́ pé Yorùbá lè gbọ́ ọ yé ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ: «hukam». Àṣẹ ni. Nípa àṣẹ ni ohun gbogbo fi wà, kò sì sí ẹni tó wà lẹ́yìn òde àṣẹ. Nanak ní ẹni tó bá mọ àṣẹ yìí kò ní sọ «èmi» mọ́. «Èmi-èmi» yẹn, ìyẹn «haumai» lẹ́nu wọn, òun ló kà sí àìsàn gidi tó ń ṣe ọmọ ènìyàn. Ibẹ̀ ni ojúkòkòrò, ìbínú àti ìgbéraga ti ń jáde. Oògùn rẹ̀ ni rírántí orúkọ Ọlọ́run nígbà gbogbo, fífi ọwọ́ ara ẹni ṣiṣẹ́ jẹun, àti pípín ohun tí a bá rí. Ó tún sọ ọ́ ní ìlà kan tí mo fẹ́ràn: ohun gbogbo wà nísàlẹ̀ òtítọ́, ṣùgbọ́n ìwà òtítọ́ tún ga ju òtítọ́ lọ. Àwọn àgbà tiwa náà ní ìwà lẹ̀sìn.

Ní ti àwọn obìnrin, gbọ́ ohun tó kọ ní ìgbà ayé tirẹ̀: inú obìnrin la ti lóyún wa, ara obìnrin la ti bí wa, obìnrin la ń fẹ́, òun náà la ń bá ṣọ̀rẹ́, báwo la ṣe máa pe ẹni tó ń bí ọba ní ẹni burúkú?

Nígbà tó ń di arúgbó, ó tó kó yan ẹni tí yóò gbapò rẹ̀. Ọmọ méjì ló ní, kò mú ìkankan nínú wọn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lehna ló mú, ẹni tó jẹ́ abọrìṣà Durga kó tó wá sí Kartarpur, tó sì ń ru koríko màlúù tí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ń ro sí i láṣọ láìráhùn. Ó pa orúkọ rẹ̀ dà sí Angad, ìyẹn ẹ̀yà ara mi. O lè fojú inú wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sọ pé ìran tí a bí èèyàn sí kò já mọ́ nǹkan, ṣé yóò wá sọ oyè náà di ti ìdílé rẹ̀?

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1539 ló kú ní Kartarpur. Wọ́n ní àwọn Híńdù fẹ́ sun òkú rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí fẹ́ sin ín, nígbà tí wọ́n sì ká aṣọ kúrò lórí òkú, òdòdó ni wọ́n bá. Ìran méjèèjì ní ibi ìrántí tiwọn níbẹ̀ títí dòní. Ní ọdún 1947 tí wọ́n pín Íńdíà, ìlú náà bọ́ sí apá Pakísítàn, kìlómítà díẹ̀ péré sí ẹnubodè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn Síìkì tó wà ní Íńdíà á dúró sórí pèpéle kan lápá tiwọn, wọ́n á fi awò wo ilé funfun náà lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á sì sunkún. Ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún 550 ọdún ìbí rẹ̀, ni wọ́n ṣí ọ̀nà kan tí wọ́n lè gbà dé ibẹ̀ nígbà náà láìgba físà.

Láwàní ọ̀rẹ́ rẹ, ẹ̀gbà irin ọwọ́ rẹ̀, irun tí kì í gé, má kà wọ́n sí Nanak lọ́rùn. Gúrù mẹ́sàn-án ló tẹ̀ lé e. Ìkẹwàá, Gobind Singh, ló dá ẹgbẹ́ Khalsa sílẹ̀ ní ọdún 1699, lásìkò tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí wọn, àmì wọ̀nyẹn sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Òun náà ló ní kò ní sí ènìyàn tí yóò tún jẹ Gúrù lẹ́yìn òun, kí ìwé máa jẹ ẹ́. Ìwé yẹn, Guru Granth Sahib, Gúrù karùn-ún, Arjan, ló kọ́kọ́ kó o jọ ní 1604. Ojú ìwé 1,430 ni. Orin Nanak wà níbẹ̀, orin Farid tó jẹ́ Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ti Ravidas tó ń ṣiṣẹ́ awọ wà níbẹ̀. Ọba la fi í ṣe: wọ́n ta ìbòrí sórí rẹ̀, ẹnìkan sì dúró tó ń fi ohun kan tó jọ ìrùkẹ̀rẹ̀ fẹ́ ẹ. Bí o bá ti rí bí a ṣe ń ṣe níwájú Kábíyèsí, ìdọ̀bálẹ̀ tí o rí yẹn kò ní ṣàjèjì sí ọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n ń bọlá fún. Kò sí ẹni tó ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ bébà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ kí o mọ̀, kí n má bàa tàn ọ́. Nínú gbọ̀ngàn àdúrà, wọ́n lè fún ọ ní nǹkan dídùn kan tó gbóná, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àlìkámà, ṣúgà àti òróró bọ́tà rò bí àmàlà. Karah prashad ni. Ìwájú ìwé yẹn ni wọ́n ti gbàdúrà sí i kí wọ́n tó pín in. Bí ọkàn rẹ kò bá gbà á, pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ kí o sì mi orí díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú. Langar ní tirẹ̀, mi ò rí ìdí tí Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí kò fi lè jẹ ẹ́. Èmi náà ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwo irin olójúlé ni wọ́n gbé fún mi, ẹ̀wà dal lójú kan, ìrẹsì lójú kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń pín roti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, dúró síwájú mi, kò jù ú sínú àwo. Ó dúró títí mo fi na ọwọ́ méjèèjì kó tó gbé e lé mi lọ́wọ́. Bàbá kan jókòó sápá ọ̀tún mi, a jọ jẹun, kò bi mí lórúkọ. Lẹ́yìn oúnjẹ ni mo rí i tó ṣí ọwọ́ aṣọ sókè, tó lọ dúró síbi tí wọ́n ti ń fọ àwo. Wọ́n wá sọ fún mi pé dókítà ni.

Mú ọkọ rẹ lọ́wọ́ nígbà mìíràn. Kí ó bo orí, kí ó bọ́ bàtà, kó fi sìgá sílẹ̀ nínú ọkọ̀ bó bá ń mu ún. Bí ẹ bá tètè dé, ẹ yà sí ilé ìdáná. Ẹnìkan á wà níbẹ̀ tó ń gé àlùbọ́sà, kò sì ní bi yín ní ẹ̀sìn yín kó tó fún yín lọ́bẹ.